Ṣé Ọgọ́ta ni Bàbá Sọ, àbí Ọgọ́fà?

Bí mo bá sọ fún yín pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n gé owó oṣù obìnrin kan nítorí kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo, ẹ ó rò pé àwàdà ni. Kì í ṣe àwàdà. Kọ́ńsónáǹtì náà ni /f/, obìnrin náà sì ní ìbejì tó ń tọ́. Èmi tí mò ń kọ èyí ni mo sì fa ọ̀rọ̀ náà.

Ní ìsinmi gígùn tó ṣáájú sáà tí a wà yìí, mo rí i pé owó tó wà nílé kò ní í tó fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ìparí ẹ̀kọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn tí gbogbo wa ń pè ní Bọ̀dá. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa so kọ̀ǹpútà àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké pọ̀: kí ó fa wáyà, kí ó gbé ráútà kọ́ ara ògiri, kí ó wádìí ìdí tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń lọ tó ń bọ̀. Ó ní kí n wá máa ran òun lọ́wọ́ fún oṣù méjì. Àwọn ọmọkùnrin méjì ló ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé kí ni mò ń kọ́ ní yunifásítì. Mo ní Lingúísíìkì. Ó ní, "Èdè mélòó lo wá gbọ́?" Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti gba ẹ̀ka wa kọjá lẹ mọ ìbéèrè yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, mo sì gbé àkàbà tẹ̀lé e.

Oníbàárà tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ń ta oúnjẹ adìyẹ àti ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà. Alhaja kan ló ni ín. Àwọn aládìyẹ máa ń pè wọ́n láti Ìsẹ́yìn, Ṣakí, Igbó-Ọrà àti Ọ̀yọ́ láti sọ iye àpò tí wọ́n fẹ́. Fóònù alágbèéká mẹ́rin ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sì ni fóònù ń wà. Bí òṣìṣẹ́ kan bá kúrò, àwọn oníbàárà tó mọ nọ́ńbà rẹ̀ á bá a lọ. Bí èèyàn méjì bá pe nọ́ńbà kan náà pọ̀, ọ̀kan á pè títí á sì sú u. Ìdí nìyí tí Alhaja fi fẹ́ fóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní VoIP: nọ́ńbà kan ṣoṣo lára pátákó, fóònù mẹ́rìnlá lórí tábìlì, kí wọ́n lè gbé ìpè láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan fún ẹlòmíì, kí ẹ̀rọ sì máa gba ohùn sílẹ̀.

Bọ̀dá ní òfin kan: a kì í gbé fóònù wọ ilé tí a kò tíì yẹ ilẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ lọ síbẹ̀. Ó ní bí ènìyàn bá fi fáìlì ránṣẹ́, ẹ̀rọ máa ń gé e sí ìdì wẹ́wẹ́. Bí ìdì kan bá sọnù lọ́nà, kọ̀ǹpútà tó ń gbà á á ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́, ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ohùn ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Fóònù ń gé ohùn sí ìdì tó gùn tó mílísẹ́kọ́ǹdì 20, èyí túmọ̀ sí pé ìdì 50 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìdì tó bá sọnù ti sọnù nìyẹn, nítorí pé bí wọ́n bá tún un fi ránṣẹ́, ọ̀rọ̀ á ti kọjá ibẹ̀. Mo ní, "Ẹyin lọ̀rọ̀ nìyẹn, Bọ̀dá. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́." Ó ní, "O wúlò díẹ̀."

Nǹkan mẹ́rin ló ní kí a yẹ̀ wò. Àkọ́kọ́ ni iye ìpè tó lè wọlé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A bi àwọn òṣìṣẹ́, a sì fi í sí mẹ́fà. Codec tí a fẹ́ lò ni G.711, tó ti wà láti ọdún 1972. Ó ń wọn ohùn ní ìgbà 8,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ó sì ń jẹ kílóbíìtì 64. Bí a bá fi àdírẹ́sì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìdì kọ̀ọ̀kan kún un, ó máa ń tó 87 lọ, 87 bọ̀. Ìpè mẹ́fà yóò jẹ nǹkan bíi 522. Íntánẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ náà ń san owó rẹ̀ jẹ́ mẹ́gábíìtì 20 wọlé, 5 jáde. Ìpè mẹ́fà kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń wọlé. Mo wo ìṣirò yẹn, ọkàn mi balẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe mi ti bẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni wáyà àti switch. A rí wáyà kan tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́ igi, tí ìṣó náà sì ti gún un lára. A rí switch àtijọ́ kan lẹ́yìn fìríìjì. Ẹ̀kẹta ni iná. Fóònù NITEL ayé àtijọ́ ń gba iná láti inú wáyà rẹ̀ fúnra rẹ̀. NẸ́PÀ lè lọ kó ṣì máa dún. Fóònù tuntun wọ̀nyí náà lè gba iná láti inú wáyà íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n láti ara switch tó wà nínú ilé ni iná náà ti ń wá. Bí iná bá lọ tí switch kú, gbogbo fóònù kú nìyẹn. A kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n nílò inverter fún ráútà àti switch.

Ẹ̀kẹrin ló le jù. Ohun mẹ́ta la ń wọ̀n níbẹ̀. Ọ̀kan ni ìdádúró, ìyẹn iye àkókò tí ohùn fi ń rìn láti ẹnu dé etí. Àjọ àgbáyé tó ń rí sí ìbánisọ̀rọ̀, ITU, sọ nínú ìlànà G.114 pé bí kò bá kọjá mílísẹ́kọ́ǹdì 150 lọ́nà kan, ọ̀pọ̀ èèyàn kò ní fura. Èkejì ni jitter. Ẹ ronú nípa ọkọ̀ tó ń gbéra ní gáréèjì ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tó wá jẹ́ pé mẹ́ta dé pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí òmíràn ò sì dé rárá fún ogún ìṣẹ́jú. Ìdì ohùn náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bọ̀dá kì í fẹ́ kí ó ju 30 lọ. Ẹ̀kẹta ni iye ìdì tó ń sọnù, kò sì fẹ́ kí ó pé ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. A ní sávà kékeré kan ní Èkó tí a máa ń fi ìpè àfarawé ránṣẹ́ sí láti inú ọ́fíìsì oníbàárà, ẹ̀rọ á sì máa ka iye tó dé.

Ó fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tó ní òpó márùn-ún, Mọ́ńdè dé Fúráìdè, àti ìlà mẹ́rin fún òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́. Ó ní, "Má wọ̀n ọ́n nígbà tí ilé bá dá. Wọ̀n ọ́n nígbà tí èrò bá wà." Ó sì gba Ṣàgámù lọ fún iṣẹ́ mìíràn.

Mo ti ṣèlérí fún màmá mi àgbà ní Òṣogbo pé mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Mo ronú pé bí mo bá lọ síbẹ̀ ní Sátidé, mo lè parí ohun gbogbo. Aago méjì ọ̀sán Sátidé ni mo dé ọ́fíìsì Alhaja. Mẹ́gáàdì nìkan ló wà níbẹ̀. Mo so kọ̀ǹpútà mi, mo wọ̀n ọ́n. Ìdádúró, 38. Jitter, 4. Ìdì tó sọnù, òdo. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta, bákan náà ni. Mo wá jókòó sórí àpò oúnjẹ adìyẹ, mo sì kún òpó márààrún. Mo kọ 38 sí Mọ́ńdè, 41 sí Túsídè, 37 sí Wẹ́sídè. Mo yí wọn padà díẹ̀díẹ̀ kí ó lè jọ òótọ́.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ mọ orúkọ tí àwọn olùkọ́ wa ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Dátà àgbélẹ̀rọ ni. Ní ọdún kejì wa, mo wà lára àwọn tó fi ẹnikẹ́ni tó bá dá irú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Kò sì ṣe mí bíi pé mò ń parọ́ nígbà tí mò ń kọ ọ́. Ó ṣe mí bíi pé mò ń fi àkókò pamọ́ ni, nítorí pé mo ti mọ èsì tí yóò jáde. Mo wọ ọkọ̀ Òṣogbo láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Wọ́n gbé fóònù wọlé. Alhaja san ìdajì owó. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹnì kan ráhùn pé ohùn ń gé, a ní bóyá nẹ́tíwọ̀kì ẹni tó pè ni. Ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ kejì, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú, Bàbá kan pè láti Ìsẹ́yìn. Ìyá Ìbejì ló gbé ìpè náà. Ó kọ ọgọ́ta àpò sílẹ̀. Ó tún un sọ fún Bàbá, Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ gbé ọgọ́ta àpò lọ sí Ìsẹ́yìn. Ọgọ́fà ni Bàbá ń retí. Adìyẹ rẹ̀ pọ̀, oúnjẹ tó wà nílẹ̀ sì ti tán. Ọkọ̀ ní láti tún padà lọ. Ìrìn kejì náà jẹ́ ₦48,000, Alhaja sì ní wọn yóò yọ ọ́ nínú owó oṣù Ìyá Ìbejì, ìdajì lóṣù yìí, ìdajì lóṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Tọ́sìdè ni a débẹ̀ láti gba owó tó kù. Mo bá Ìyá Ìbejì lẹ́yìn ilé ìkẹ́rùsí. Mo kí i, ó dáhùn, ó sì ń wo ilẹ̀. Mo ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ṣẹlẹ̀?" Ó sọ fún mi. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ọgọ́ta ni mo gbọ́. Wọ́n ní mò ń tẹ fóònù mi lọ́wọ́ ni. Etí mi ò dí. Ọgọ́ta ni mo gbọ́." Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi tutù, nítorí pé mo rántí fọ́ọ̀mù mi.

Mo bẹ máníjà pé kí ó jẹ́ kí n gbọ́ ìpè náà, ó sì gbà. Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ọgọ́ta lèmi náà gbọ́. Mo dà á kọ kí n lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo fi Praat ṣí i, irinṣẹ́ kan náà tí Paul Boersma àti David Weenink ṣe ní Amsterdam, tí a ń fi ṣe iṣẹ́ fònẹ́tíìkì, tí ọ̀pọ̀ wa kò sì fẹ́ fojú kàn mọ́ lẹ́yìn ìdánwò. Mo wo àwòrán ohùn náà. Láàárín "ọgọ́" àti fáwẹ́lì tó tẹ̀ lé e, ibi kan wà tó ṣófo pátápátá. Kì í ṣe pé ohùn rọlẹ̀ níbẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ rárá, funfun báláú, ó gùn tó mílísẹ́kọ́ǹdì 80, a sì gé e ní etí méjèèjì bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Ìdì mẹ́rin ló sọnù tẹ̀léra wọn. Mo wo ibi tó kù nínú ìpè náà, mo tún rí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ mẹ́tàdínlógún.

Ẹ jẹ́ ká ṣe fònẹ́tíìkì díẹ̀. Àwa tí a ń sọ Yorùbá máa ń rò pé ohùn ni yóò gbà wá là. Òótọ́ sì ni, lọ́pọ̀ ìgbà. Ìlà fóònù àtijọ́ ń gbé ohun tó wà láàárín 300 sí 3,400 Hz nìkan. Ìpìlẹ̀ ohùn ọkùnrin máa ń wà ní nǹkan bíi 100 sí 150 Hz, fóònù kì í sì í gbé e kọjá rárá. Síbẹ̀, a máa ń gbọ́ ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ lórí fóònù, nítorí pé àwọn ìlọ́po ìpìlẹ̀ náà tó wà lókè ń sọ fún etí ibi tí ìpìlẹ̀ yẹ kó wà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá kàn sọ "ọgọ́ta" àti "ọgọ́fà" lásán, sílébù ìparí ọ̀kan jẹ́ ohùn àárín, ti èkejì jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀. Bí /f/ bá tilẹ̀ bàjẹ́, ohùn á ṣì fi ìyàtọ̀ hàn.

Ṣùgbọ́n Bàbá kò sọ "ọgọ́fà" lásán. "Ọgọ́fà àpò" ló sọ, ó sì sọ ọ́ kíákíá. Níbi tí fáwẹ́lì méjì bá ti pàdé, ìpajẹ ń ṣẹlẹ̀. "Ọgọ́fà àpò" di "ọgọ́fàpò". Kí wá ni "ọgọ́ta àpò" yóò dì? Fáwẹ́lì ìparí "ọgọ́ta" á bọ́, ohùn àárín tó wà lórí rẹ̀ á bá a lọ, a ó sì ní "ọgọ́tàpò". Ẹ gbé méjèèjì síra: ọgọ́fàpò, ọgọ́tàpò. Ohùn wọn ti di ọ̀kan. Ìyàtọ̀ tó kù kò ju /f/ àti /t/ lọ.

/f/ sì ni èyí tí fóònù kò lè gbé dáadáa nínú méjèèjì. Àfúnnupè àìkùnyùn ni, ariwo rẹ̀ tinrín, apá púpọ̀ nínú rẹ̀ sì wà ní òkè 3,400 Hz tí ìlà ń gé dànù. /t/ ní tirẹ̀ jẹ́ àsénupè, ohun tó sì ń fi àsénupè àìkùnyùn hàn fún etí ni ìdákẹ́jẹ́ kúkúrú tó ṣáájú rẹ̀. Àlàfo tí nẹ́tíwọ̀kì dá sílẹ̀ jẹ́ ìdákẹ́jẹ́ kúkúrú. Nẹ́tíwọ̀kì gbé /f/ mì, ó sì fi ohun tó jọ /t/ rọ́pò rẹ̀. Etí Ìyá Ìbejì ṣe ohun tó yẹ kí etí ọmọ Yorùbá ṣe gan-an.

Mo wá ro ti òǹkà wa mọ́ ọn. Ẹ̀ta, ẹ̀fà. Ọgọ́ta, ọgọ́fà. Ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀fà. Ẹgbàáta, ẹgbàafà. Níbi gbogbo tí /f/ bá ti di /t/, ìdajì ọjà ló ń sọnù: 6 á di 3, 120 á di 60, 1,200 á di 600, 12,000 á di 6,000. Àwọn tó ń ṣe VoIP kò ro èyí nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kò sì yẹ ká retí pé wọn yóò rò ó. Èmi ló yẹ kí n rò ó. Èmi ni ọmọ Lingúísíìkì tó wà níbẹ̀.

N kò sùn dáadáa. Láàárọ̀, mo lọ bá Bọ̀dá nílé kó tó jáde. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ohun tí mo ṣe, láti orí aago méjì ọjọ́ Sátidé dé orí 41 tí mo kọ sí Túsídè. Ó dákẹ́ pẹ́ títí. Ó wá ní, "Ṣé mo sọ fún ọ pé kí o wọ̀n ọ́n nígbà tí ilé bá dá?" Mo ní, "Rárá, sà." Ó ní, "Ká ní o sọ fún mi pé o fẹ́ lọ Òṣogbo, ṣé màá ní kí o má lọ?" N kò lè dáhùn. Ó ní kí n dìde, kí n wọ bàtà, ká jọ lọ bá Alhaja.

Mo rò pé òun ni yóò bá wọn sọ ọ́. Èmi ló ní kí n sọ ọ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi kalẹ̀ níwájú Alhaja, mo fi ibi funfun yẹn hàn wọ́n, mo sì fi ẹ̀rọ tún un sọ ní ìgbà mẹ́rin. Wọ́n ní, "Ọgọ́ta náà ni mo ń gbọ́ o." Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé fóònù yẹn ló máa gbọ́ ọgọ́ta. Ẹ̀bi Ìyá Ìbejì kọ́. Èmi ni mo ní nẹ́tíwọ̀kì yín dára, n kò sì wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ iṣẹ́." Wọ́n wo Bọ̀dá. Bọ̀dá ní kí wọ́n yọ ₦48,000 kúrò nínú owó tó kù tí wọ́n fẹ́ san fún òun. Alhaja gbà. Wọ́n pe Ìyá Ìbejì wọlé, wọ́n ní kí ó má bínú, níwájú gbogbo wa. Bọ̀dá kò yọ kọ́bọ̀ nínú owó tèmi. Ó ní kí n padà síbẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, aago mẹ́jọ sí márùn-ún, kí n sì kún fọ́ọ̀mù náà bó ṣe yẹ. Mo lọ.

Ohun tí mo rí nìyí. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, láti aago mẹ́wàá sí àárín mọ́kànlá àti méjìlá, jitter gòkè dé 70, ìdì mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún sì ń sọnù. Bó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, ó ń padà sí ohun tó dára. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro nígbà tí mo ti wà níbẹ̀ tí mò ń fojú rí i. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n pa láti Fúráìdè ń jí ní Mọ́ńdè, gbogbo wọn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe Windows wọlé pọ̀. Fóònù àwọn òṣìṣẹ́ wà lórí Wi-Fi kan náà, wọ́n ń wo fídíò. Kámẹ́rà mẹ́jọ ń gbé àwòrán jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì tọ̀sán-tòru, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo 5 tó ń jáde tán. Ìyẹn ló fà á tí ohùn Ìyá Ìbejì pàápàá kò fi dé ọ̀dọ̀ Bàbá dáadáa nígbà tó tún un sọ. Ìṣirò mi pé ìpè mẹ́fà kò tó ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kò ṣì. Ọ̀nà fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí tírélà ogún bá ti tò sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, fífẹ̀ ọ̀nà kò ran ọ̀kadà tó wà lẹ́yìn wọn lọ́wọ́.

A ya fóònù sọ́tọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà, a sì fi àmì sára ìdì ohùn kí ráútà máa jẹ́ kí wọ́n kọjá ṣáájú, bí èèyàn ṣe ń yà fún ọkọ̀ aláìsàn. Ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì kì í sábà ka irú àmì bẹ́ẹ̀ sí. Nítorí náà, a fi ohun tó ń wọlé mọ sí 18 dípò 20, kí èrò lè máa tò lọ́dọ̀ wa, níbi tí a ti lè yan ẹni tó máa kọjá. Àtúnṣe Windows di ohun òru. A fi òdiwọ̀n sí Wi-Fi òṣìṣẹ́, a sì ní kí kámẹ́rà máa tọ́jú àwòrán sínú ilé. A yọ switch ẹ̀yìn fìríìjì dànù. A gba ìlà íntánẹ́ẹ̀tì kejì láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ mìíràn, nítorí pé Alhaja rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire tí íntánẹ́ẹ̀tì dáwọ́ dúró káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Bọ̀dá bi mí bóyá kí a lo G.722, codec tó ń gbé ohùn dé 7,000 Hz, kí /f/ lè yè. Mo ní yóò dára láàárín ọ́fíìsì sí ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n bí ohùn Bàbá bá ti gba ìlà tóóró kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ohun tí wọ́n ti gé kò lè hù padà. Ó wò mí, ó ní, "O wúlò ju díẹ̀ lọ." Mo wá kọ àwọn òǹkà kan sínú ìwé kan fún ìdánwò: ọgọ́ta àpò, ọgọ́fà àpò, ogójì, ogóje, ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀fà, gbogbo wọn dàpọ̀. Ẹnì kan á pè láti ìta, á kà á, ẹnì kan á máa kọ ohun tó gbọ́. Bọ̀dá ti ń lò ó báyìí fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ tó ń sọ Yorùbá. Fọ́ọ̀mù rẹ̀ ti ní òpó kan sí i.

Nígbà tí mo lọ dágbére fún wọn kí n tó padà sí ilé ẹ̀kọ́, Ìyá Ìbejì ń gba ìpè. Mo dúró títí ó fi parí. Ẹnì kan ń béèrè oúnjẹ adìyẹ láti Ṣakí. Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó ju ọgọ́rùn-ún lọ ni, àbí kò tó ọgọ́rùn-ún?" Ó gbọ́ ìdáhùn, ó kọ ọ́, ó gbé fóònù kalẹ̀. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ ní ìbéèrè yẹn. Ó ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti ń bi gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì ì báà dára, kó má dára.